Bí A Ṣe Ń Bọlá fún Àwọn Ajagun-fẹ̀yìntì Inú Ẹgbẹ́ àti Iṣẹ́ Àánú tí Wọ́n Ṣe Lẹ́yìn Ogun

Ní ọjọ́ 8 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1922, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà kú sí ilé ìwòsàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú Èkó. Charles Young ni orúkọ rẹ̀, Kọ́nẹ́ẹ̀lì sì ni ipò rẹ̀. Làìbéríà ni wọ́n rán an sí gẹ́gẹ́ bí aṣojú ológun, ibẹ̀ ló ti gbéra wá sí Nàìjíríà lẹ́nu iṣẹ́, tí àrùn kíndìnrín fi gbé e ṣánlẹ̀. Èkó ni wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí. Ìyàwó rẹ̀, Ada, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò sinmi ẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi hú òkú náà, tí wọ́n gbé e sọdá òkun, tí wọ́n sì sin ín sí itẹ́ òkú àwọn ológun ní Arlington ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 1923.

Mo fi ìtàn yìí ṣáájú nítorí pé ọmọ ẹgbẹ́ Omega Psi Phi, ìyẹn fratániti àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, ni Young. Ní Yunifásítì Howard, ní Washington, ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1911, wọ́n sì gba Young wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ ọlọ́lá ní ọdún 1912. Bí àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe mú orúkọ rẹ̀ dání fún ọgọ́rùn-ún ọdún ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ fún ẹnikẹ́ni tí ẹ̀ka ẹgbẹ́ rẹ̀ bá yàn pé kí ó ṣètò ọlá fún àwọn ológun tó wà láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ló wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lónìí, àwọn kan nínú wọn sì ti wọ aṣọ ológun ilẹ̀ náà.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀rù kúrò lọ́kàn òǹkàwé tó wà nílé. Bí a bá dárúkọ fratániti ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ òkùnkùn, àáké àti ìbọn ló máa ń wá sọ́kàn ènìyàn. Ẹgbẹ́ tí mò ń sọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ni, wọ́n ń wọ̀ ọ́ ní yunifásítì, wọn kì í sì í jáde nínú rẹ̀ títí wọ́n fi ń di arúgbó. Wọ́n ní ọ́fíìsì, wọ́n ní àkọsílẹ̀ ìpàdé, wọ́n ń san owó ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n sì ń ṣètò ìfẹ̀jẹ̀tọrẹ ní orúkọ dókítà Charles Drew, aṣáájú nínú iṣẹ́ ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀, tí òun náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn.

Ohun tí mo rí nínú irú ètò báyìí ni pé ìdajì ọlá ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka máa ń fún àwọn àgbà wọn. Wọ́n á ní kí gbogbo ẹni tó ti ṣe ológun dìde, àwọn èrò á pàtẹ́wọ́, wọ́n á jókòó, ó parí. Ẹnì kan kì í béèrè ohun tí ọkùnrin náà fi ogójì ọdún ṣe lẹ́yìn tó bọ́ aṣọ ogun sílẹ̀: àwọn ọmọ tó rán lọ sílé ẹ̀kọ́, ẹjọ́ tó rò lọ́fẹ̀ẹ́, ilé ìjọsìn tó tún kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni oríkì wa kì í dá iṣẹ́ ogun yà sọ́tọ̀ kúrò lára ìtọrẹ: a ó kí jagunjagun pé ó ṣẹ́gun, a ó sì kí i pé ó bọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ yó, nínú ẹsẹ̀ kan náà.

Kó orúkọ jọ kí o tó dá ọjọ́

Oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ayẹyẹ ni kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́ wá àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹ̀ka yín láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kí o sì máa wo ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé arákùnrin kan kò sí nípàdé nítorí pé ìjọba pè é sógun. Ọ̀nà yìí máa ń mú orúkọ jáde tí ẹni tó wà láàyè kò rántí mọ́. Ní ti Omega fúnra rẹ̀, ìtàn ológun wọn bẹ̀rẹ̀ kíákíá: ní ọdún 1917, nígbà tí ìjọba ṣí ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn aláwọ̀ dúdú tó fẹ́ di ọ̀gá ológun ní Fort Des Moines ní ìpínlẹ̀ Iowa, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n dá ẹ̀ka sílẹ̀ nínú bárékè, wọ́n sì pè é ní Ẹ̀ka Ogun. Ọkùnrin 639 ló gba ipò ọ̀gá níbẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Méjì nínú àwọn mẹ́rin tó dá Omega sílẹ̀, Edgar Love àti Frank Coleman, lọ sí Ogun Àgbáyé Kìíní. Àlùfáà ológun ni Love, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní ọdún 1952.

Má ṣe fi orúkọ sílẹ̀ nítorí pé ẹni náà kò dé ojú ogun. Ẹni tó se oúnjẹ, ẹni tó wa ọkọ̀, ẹni tó tẹ lẹ́tà ní ọ́fíìsì, ológun ni gbogbo wọn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ojú ń tì wọ́n láti sọ ọ́, pàápàá àwọn tí ogun Vietnam mú lọ láìfẹ́. Máa bi wọ́n ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe nínú ìpàdé.

Lẹ́yìn náà ni kí o wá yan ọjọ́. Amẹ́ríkà ní ọjọ́ méjì, ìyàtọ̀ wọn sì ṣe pàtàkì. Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá, tí wọ́n ń pè ní Veterans Day, wà fún gbogbo ẹni tó ti ṣe ológun, àwọn alààyè ló sì jù lọ nínú rẹ̀. Memorial Day, ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn nínú oṣù karùn-ún, wà fún àwọn tó kú sẹ́nu iṣẹ́ ogun. Bí o bá lọ kí àgbà tó ṣì ń mí ní Memorial Day pé o kú iṣẹ́, ó lè dá ọ lóhùn pé òun kò tíì kú. Ẹ̀ka Omega ní àǹfààní pé ọjọ́ ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ wọn bọ́ sí ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn Veterans Day, wọ́n sì lè fi ètò kan gba méjèèjì.

Rí i dájú pé òtítọ́ ni

Apá yìí ló le jù, òun náà ni mo fẹ́ kí o fi àkókò sí jù. Bí a bá ka ipò tí kì í ṣe ti ọkùnrin kan sí i lọ́rùn níwájú àwọn ọmọ rẹ̀, àbùkù la fi kàn án. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 2013 tún sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ pé kí ènìyàn fi irọ́ sọ pé òun gba àwọn àmì ẹ̀yẹ ogun kan kí ó lè fi rí owó tàbí àǹfààní mìíràn gbà.

Ìwé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni DD 214, ìwé ìjáde kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun, tó ti wà láti ọdún 1950. Ipò, ọdún iṣẹ́ àti àmì ẹ̀yẹ wà nínú rẹ̀. Ní kí ẹni náà tàbí ìdílé rẹ̀ mú ẹ̀dà rẹ̀ wá, kí o ka ohun tí o nílò, kí o sì dá a padà. Má ṣe ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp ẹgbẹ́, torí pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ ènìyàn máa ń wà lórí rẹ̀, ohun tí àwọn gbájú-ẹ̀ sì ń wá kiri nìyẹn. Bí ìwé náà bá ti sọnù, ilé ìkówèé-pamọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní St. Louis ni a ń kọ̀wé sí, yálà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí pẹ̀lú fọ́ọ̀mù SF-180. Ológun náà fúnra rẹ̀ lè béèrè. Bí ó bá ti kú, ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ tí kò tíì fẹ́ ẹlòmíràn lè béèrè, òbí rẹ̀ náà lè béèrè, àti ọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀. Bí ọdún 62 bá ti kọjá lẹ́yìn tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, fáìlì rẹ̀ ti di ti gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni ló sì lè tọrọ ẹ̀dà.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí kí ó má bàa jẹ́ pé o dúró títí láìrí nǹkan. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 1973, iná jó ilé ìkówèé náà, fáìlì tó tó mílíọ̀nù 16 sí 18 ló sì bá a lọ. Àwọn ológun orí ilẹ̀ tó jáde láàárín ọdún 1912 sí 1959 ló kàn jù. Nínú fáìlì márùn-ún, nǹkan bí mẹ́rin ló jóná. Èyí túmọ̀ sí pé púpọ̀ nínú àwọn àgbà tó ja Ogun Àgbáyé méjèèjì àti ti Korea kò ní fáìlì níbẹ̀ mọ́. Àwọn tó dáná kọ́ ni wọ́n, kì í sì í ṣe òpùrọ́ ni wọ́n. Fún irú wọn, wá lẹ́tà tí wọ́n kọ sílé, fọ́tò tí wọ́n bá kọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú ìgbà náà, ìwé owó ìfẹ̀yìntì àti òkúta orí sàréè. Bí ẹ̀rí méjì tí kò ti ọwọ́ ẹnì kan náà wá bá sọ ohun kan, kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, kọ ọ́ pé ìdílé ló sọ ọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Jókòó tì wọ́n, kí o sì tẹ́tí

Àwọn tó wà láàyè kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ lórí ìwé nìkan. Ilé Ìkàwé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ní Washington ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Veterans History Project, tí àwọn aṣòfin fọwọ́ sí ní ọdún 2000, wọ́n sì ń gba ohùn tàbí fídíò àwọn ajagun-fẹ̀yìntì láti ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gbà á sílẹ̀ dáadáa. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ó kéré jù, wọn kò sì fẹ́ kí o gé e tàbí kí o lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tó jẹ́ ọ̀dọ́ ni kí ẹ rán lọ, kí òun náà lè gbọ́.

Má ṣe béèrè iye ènìyàn tó pa. Béèrè oúnjẹ tí wọ́n jẹ, ẹni tí wọ́n jọ sùn nínú àgọ́, lẹ́tà tó dùn mọ́ wọn jù. Nígbà tí ara wọn bá ti balẹ̀, bi wọ́n ní ìbéèrè kan tí mo rí i pé ó máa ń ṣílẹ̀kùn: "Kí ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ṣe nígbà tí ẹ bọ́ aṣọ ológun?" Ìdáhùn rẹ̀ ló máa ń so ogun mọ́ iṣẹ́ àánú. Benjamin Hooks, ọmọ ẹgbẹ́ Omega láti ìlú Memphis, ṣọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun ará Ítálì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà ń jẹun ní ilé oúnjẹ tí òun tó ń ṣọ́ wọn kò gbọdọ̀ wọ̀ nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tó dé, ó lọ kọ́ nípa òfin ní Chicago nítorí pé kò sí ilé ẹ̀kọ́ òfin tó fẹ́ gbà á ní Tennessee, ìpínlẹ̀ rẹ̀. Láti ọdún 1977 sí 1992 ni ó sì fi darí NAACP, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Oliver Hill, òun náà ọmọ Omega, ti di agbẹjọ́rò kí wọ́n tó mú un wọṣẹ́ ológun ní ọdún 1943. Ó padà sí Virginia, ó sì wà lára àwọn tó ro ẹjọ́ tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fi fòfin de ìyàsọ́tọ̀ aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun ní ilé ẹ̀kọ́ ní ọdún 1954. Bí ẹ bá ń bọlá fún irú wọn, tí ẹ kò sọ ju pé "ó ṣe ológun", kí ni ẹ sọ?

Wádìí iṣẹ́ àánú bí o ṣe wádìí iṣẹ́ ogun

Owó kọ́ ni gbogbo ìtọrẹ. Mo máa ń bẹ àwọn tó ń kọ ìwé ètò pé kí wọ́n wo ọ̀nà mẹ́ta: owó tí ẹni náà fi sílẹ̀, àkókò tó lò, àti ìmọ̀ tó fi kọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀nà kẹta ni a máa ń gbàgbé. Nígbà tí Charles Young wà ní bárékè kan ní Utah, ó kọ́ ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Benjamin O. Davis ní ẹ̀kọ́ tó nílò fún ìdánwò ọ̀gá ológun. Ọ̀dọ́ náà yege ní ọdún 1901, ó sì di jẹ́nẹ́rà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1940. Kò sí ìwé báǹkì tó lè fi ìyẹn hàn.

Ní ti owó, bí àgbà kan bá dá àjọ ìtọrẹ sílẹ̀, ìwé tí àjọ náà ń fi ránṣẹ́ sí ìjọba lọ́dọọdún, tí wọ́n ń pè ní Form 990, wà fún gbogbo ènìyàn láti kà, iye tó jáde sì wà níbẹ̀. Bí ìwé bá sọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, má ṣe ka ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún sí i létí ìdílé. Síbẹ̀, béèrè kí o tó dárúkọ iye kankan. Àwọn àgbà kan wà tí wọ́n gbà gbọ́ pé ọwọ́ òsì kò gbọdọ̀ mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Fún irú wọn, sọ ohun tí owó náà ṣe, kí o sì pa iye rẹ̀ mọ́.

Bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ìyìn

Kúrú, kí ọdún àti ibi wà nínú rẹ̀, kí ó má sì ní ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tó lè bá ẹnikẹ́ni mu. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ kọ ti Young fún ìwé ètò, báyìí ni n ó ṣe kọ ọ́:

"Charles Young. A bí i ní Mays Lick, Kentucky, ní 1864. Ẹrú ni àwọn òbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ sá kúrò lóko ẹrú, ó sì wọṣẹ́ ológun ní 1865. Charles jáde ní West Point, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun, ní 1889, ẹnì kẹta nínú àwọn aláwọ̀ dúdú tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ́ni ní Yunifásítì Wilberforce. Ó bójú tó ọgbà ìjọba ní Sequoia ní 1903. Ní 1917 wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, wọ́n sì fẹ̀yìn rẹ̀ tì. Ní 1918 ó gun ẹṣin láti Wilberforce ní Ohio dé Washington, nǹkan bí máìlì 500, fún ọjọ́ 16, láti fi hàn pé ara òun le. Wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ márùn-ún kí ogun tó parí. Ó kú ní Èkó ní 1922."

Kò sí "akíkanjú" tàbí "ọkùnrin mẹ́ta" nínú rẹ̀. Ẹṣin náà ti sọ ọ́.

Lọ́jọ́ ètò

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kọ́kọ́ dárúkọ àwọn tó ti kú, kí àwọn alààyè tó tẹ̀ lé wọn. Fún opó ní ìjókòó iwájú, kí ẹni tó máa sìn ín lọ síbẹ̀ sì ti mọ orúkọ rẹ̀. Pe ẹ̀ka ológun kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀: mo ti wà níbi ètò kan rí tí olùdarí pe gbogbo wọn ní "sójà", ni bàbá kan tó ti ṣe Marine, ẹ̀ka ológun tó dá dúró ní tirẹ̀, bá rọra padà jókòó, a ò sì rí ẹ̀rín rẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Marine ni Marine ń jẹ́, ọmọ ogun ojú omi ni ti ojú omi, ti òfúrufú sì yàtọ̀. Bí fèrè Taps, tí wọ́n ń fun fún ológun tó ti kú, bá ń dún, kí DJ pa ohun gbogbo, kí àwọn tó ń pín oúnjẹ sì dúró. Bí ọmọ Yorùbá bá wà nínú àwọn tó máa sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí ó fi "ẹ kú ewu" kí wọn ní èdè wa, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀. N kò rí kíkí kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó gba ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ikú ní àlejò bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yẹ kó kù lẹ́yìn tí àga bá ti kúrò nílẹ̀

Bí ẹ bá ní owó pátákó ìrántí lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ wo itẹ́ òkú. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àwọn ajagun-fẹ̀yìntì máa ń fún ológun tó tọ́ sí ní òkúta orí sàréè lọ́fẹ̀ẹ́ bí sàréè rẹ̀ kò bá ní àmì. Ìdílé tàbí aṣojú wọn ló ń kọ̀wé béèrè. Mo mọ̀ pé ẹ̀ka mìíràn máa ń fi owó ńlá ra àwo gíláàsì nígbà tí arákùnrin wọn wà lábẹ́ koríko láìní orúkọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó máa jáde lọ́dọọdún láìtán, ìṣirò rẹ̀ rọrùn: dọ́là 25,000 tí a bá tọ́jú, tí a sì ń yọ ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, yóò máa fún ọmọ kan ní dọ́là 1,000. Inú àjọ ìtọrẹ tó wà lábẹ́ òfin owó orí 501(c)(3) ni kí owó náà wà, kì í ṣe inú àpò ẹ̀ka, nítorí pé ẹni tó bá fún ẹgbẹ́ gan-an lówó kò lè fi dín owó orí rẹ̀ kù, ẹni tó bá sì fún àjọ ìtọrẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ tó bá gba owó náà kọ ojú ewé kan nípa ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pè é.

Ní ti Young, ilé rẹ̀ ní Wilberforce wà ní ìkáwọ́ àwọn ará Omega kí Ààrẹ Obama tó sọ ọ́ di ibi ìrántí orílẹ̀-èdè ní oṣù kẹta ọdún 2013. Ipò tí wọ́n fi dù ú nígbà ayé rẹ̀ kò dé kánkán bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ará ẹgbẹ́, ìdílé rẹ̀ àti àwọn mìíràn fi kọ lẹ́tà, kí wọ́n tó fún un ní ipò Bìrìgédíà Jẹ́nẹ́rà ní ọdún 2022, ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì ṣe ayẹyẹ rẹ̀ ní West Point ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin. Irú ẹjọ́ pípẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé rò láìsí ìwé. Nítorí náà, kí ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa tọ́jú fáìlì, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún ẹ̀ka, ọ̀kan fún ilé ìkówèé-pamọ́ yunifásítì, bí irú Moorland-Spingarn tó wà ní Howard, èyí tó kù fún ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ẹni tí ẹ bọlá fún, kí ẹ fi lé e lọ́wọ́ kí ó tó kúrò nínú gbọ̀ngàn.